Mo Mọ Ìdí Tí Sàfúrá Fi Tètè Kó Orin Rẹ̀ Jọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà òjò èṣí tí n kò lè sọ fún ọkọ mi, tí n kò sì lè sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ tí mo ṣẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ń ṣe ètò orin ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin níbí. Bí olórin bá gbé orin jáde, èmi ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ni Sàfúrá. Orin ìgbàlódé táwọn ọ̀dọ́ ń jó sí ló ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ ilé kéú nínú ohùn rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé orin rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Nígbà tó di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀, wọ́n bi í níbòmíràn pé ta ló ràn án lọ́wọ́, kò dárúkọ mi. Mo ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ó dùn mí.

Lọ́jọ́ kan ni ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé ní Ṣàngó. Ọkà bàbà ni Àlàájà yìí ń tà ní ọjà Ìpàtà, eruku ọkà ṣì wà lára híjáàbù rẹ̀. Kò fẹ́ jókòó.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò mọ̀ pé mo wá o. Nǹkan kan hù sí i lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní ohùn yẹn lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń kó àwọn orin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jọ sójú kan. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́, kò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ rọra mú un."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àṣírí yín ò ní tú lẹ́nu mi."

Lóòótọ́, kò tú. Ohun tí mo ṣe burú jùyẹn lọ.

Nígbà tí àkójọ orin náà jáde, méjì àkọ́kọ́ péré ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Mo wá dé orí rédíò, mo ní, "Ọmọdé yìí! Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kó orin jọ? Ṣé ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni, àbí ó ń kọ wíìlì ogún?" Ẹni tí a jọ ń ṣètò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ń pè wọlé, wọ́n ń fi tiwọn kún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Wíìlì lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó ṣètò òde orin kan kó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, àga òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó kọ ọ́ parí. Èmi kò lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá bá mi níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ti há. Tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró, á gbé itọ́ mì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wá kí yín ni. Àwọn tó mọ̀ pé ara mi ò yá, àánú ni wọ́n fi ń yìn mí. Ẹ̀yin ò mọ̀ rárá, torí náà òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣeun. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán báyìí." Ó tún ní, "Ẹ ṣáà sọ fún mi, ṣé kò sí ẹyọ kan tó dáa níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ó wà, àbúrò mi." Ó ń retí kí n dárúkọ orin náà. Kí ni mo fẹ́ dárúkọ? Mo ní wọ́n ń pè mí.

Inú mọ́tò mi ni mo ti wá gbọ́ gbogbo àkójọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́. Orin méjì àkọ́kọ́ ń pariwo lásán, ẹ̀rọ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó fi fóònù gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ fún bàbá rẹ̀ tó kú, gìtá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ kan títí èémí rẹ̀ fi ń gbọ̀n, kò sì tún un ṣe, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. N kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ Ìlọrin kankan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá jẹ́wọ́ fún un pé mo mọ̀, yóò mọ̀ pé ìyá òun ló tú àṣírí òun. Bí mo bá sì yìn ín lásán, á ní èmi náà ti wá gbọ́ nípa àìsàn òun báyìí, àánú ni mo ń ṣe. Bí mo bá dákẹ́, á máa rò títí ayé pé orin òun kò dáa. Mo rí Àlàájà ní Ìpàtà lánàá. Ó wò mí, ó sì ń wọn ọkà rẹ̀ lọ. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ṣépè fún mi. Sàfúrá ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì wá gbọ́ orúkọ orin náà. Kí ni kí n sọ fún un?