Bàtà Inú Kọ̀ǹpútà Ni Wọ́n Fi Gba Kíláàsì Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, ẹ jẹ́ n jókòó ná, ẹ má tíì sọ nǹkan kan, bàtà ni wọ́n fi gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, bàtà lásán, bàtà tí kò sí láyé, tí ẹnikẹ́ni ò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ láéláé, bàtà inú kọ̀ǹpútà, òun ni wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, èmi Múyìwá tí mo ti ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 1987, ọdún mẹ́jọ gbáko, tí mi ò pa ọjọ́ kan jẹ àfi èyí tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Lọ́la ni àwọn àgbà ìjọ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yin sì ni akọ̀wé wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fẹsẹ̀ rìn wá bá yín ní Àgùdà níbí, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Rárá, ẹ ṣeun, mi ò mu omi. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tí wọ́n fún mi nìyí, agogo mẹ́fà ò sì tíì lù. Ẹ máa mu tiyín.

Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, Iléṣà lẹ lọ, ohun tí wọ́n sọ fún yín lẹ gbọ́. Ṣé wọ́n ní mo fi kọ̀ǹpútà gégùn-ún fún ìjọ? Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Mo mọ̀. Ta ló wá ní kí n ṣe géèmù? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yin àgbà lẹ pè mí lọ́dún tó kọjá pé àwọn ọmọ ò jókòó ní kíláàsì mọ́, pé ilé géèmù tí wọ́n ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ onífọ́tò ni wọ́n ń sá lọ, pé wọ́n ń fi sójà inú tẹlifíṣàn yìnbọn fún ara wọn láti àárọ̀ ọjọ́ Olúwa, ẹ ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo wá nǹkan ṣe sí i. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí arákùnrin kan fi ta ìjọ lọ́rẹ, tẹ́ ẹ gbé aṣọ bò nínú yàrá akọrin bí ẹni pé òkú ni, èmi ni mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀, èmi ni mo nu eruku rẹ̀, torí mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Yábà, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri nínú gíláàsì, ẹ ti rí i. Mo bá kọ géèmù, mo pè é ní Ajagun Olúwa. Nínú ti àkọ́kọ́, idà àti apata ni wọ́n fi ń jà. Nínú ìkejì, ọ̀kọ̀ àti kànnàkànnà. Nínú ìkẹta mo fi ràkúnmí kún un.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọ ń ti ara wọn lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ìgbà tó fi máa di ti ràkúnmí, wọ́n ti ń yán. Adéfúnmiláyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ṣé Olúwa ò tíì ra ìbọn fún àwọn sójà Rẹ̀ ni?" Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà, kí lẹ bá sọ?

Mo gbé e lọ sínú àdúrà. Ó yé mi pé kí n da gbogbo rẹ̀ nù kí n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, orúkọ kan náà, Ajagun Olúwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé àtijọ́ mọ́, ayé òde òní ni, sójà tó dé akoto irin, tó gbé ìbọn, tó wọ bàtà aláwọ tó ga dé ojúgun, kì í sì í ṣe aginjù ló ti máa jà, ìgboro Èkó níbí ni.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí, ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, mo gbéraga. Oṣù mẹ́rin tí mo fi kọ ọ́, mo ti rí i lójú ara mi pé wọ́n máa pè mí lọ sí olú ìjọ kí n wá fi han gbogbo ẹ̀ka. Mo tiẹ̀ ti dúró níwájú dígí, mò ń kọ́ bí màá ṣe tẹrí ba tí màá fi ohùn kékeré sọ pé, èmi kọ́ o, Olúwa ni. Mo sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló dára jù.

Ẹ wá wo bí mo ṣe fara balẹ̀ ṣe é. Ọta ìbọn ibẹ̀, àdúrà ni. Ẹni tí ọta bá bà kì í kú, ó máa kúnlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Halelúyà á sì yọ lókè orí rẹ̀. Àdúgbò wo ni kí n yà? Èyí tí mo mọ̀ ni mo yà, òpópónà tiwa, gọ́tà ibẹ̀, ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sí, dúrọ́ọ̀mù omi, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀ lókè àti pátákó rẹ̀ níwájú. Pátákó yẹn nìkan gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi. Mo kọ orúkọ ìjọ sí i, mo kọ àkókò ìsìn sí i, Ọjọ́rú agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ ìsinmi agogo mẹ́wàá, mo ní bóyá ẹlòmíì á tibẹ̀ mọ̀nà wá.

Tí ọta sójà bá ń tán lọ, yóò wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbàdúrà, ọta rẹ̀ á kún. Kí wá ni ènìyàn máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó wọlé? Ẹ dá mi lóhùn. Ó ń bọ́ bàtà. Mo kọ ọ́ pé kó bọ́ bàtà. Tó bá jáde, ọ̀nà tó lọ sí àgọ́ ọ̀tá gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, mo sì da àfọ́kù ìgò sí gbogbo ojú ọ̀nà yẹn kí géèmù náà lè le díẹ̀. Bàtà sójà á tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹni tí kò bá wọ bàtà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán kó tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Ó ti ń yé yín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò kọ ọ́ pé kó wọ bàtà padà.

Kò wá sí mi lọ́kàn ni. Níbo ni ì bá ti wá? Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, láti kékeré, tá a bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń jáde nílé, ẹsẹ̀ lásán la fi ń padà, nínú oòrùn, nínú ẹrọ̀fọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá bọ́ bàtà torí Ọlọ́run tún máa ń wá bàtà náà kiri lẹ́yìn àdúrà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wọ́n ní kí Mósè bọ́ bàtà níbi igi tó ń jó, ó sì bọ́ ọ. Ta ló ti ka ibi tó ti wọ̀ ọ́ padà? Mo ti wá a. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo fi ń wá a. Kò síbẹ̀.

Ẹ ní ṣé mi ò dán an wò ni? Mo dán an wò. Mo dán òpópónà wò títí dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dára. Mo dá ọ̀nà ìgò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, mo dán an wò dé òpin, sójà mi wọ bàtà, ó kọjá wẹ́rẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ ìkórè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so méjèèjì pọ̀, mò ń gbààwẹ̀, òòyì ń kọ́ mi, mo ní Olúwa á ṣe èyí tó kù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé kọ̀ǹpútà jáde sínú ọgbà, sábẹ́ ìbòòji, Alàgbà Adéníran tí wọ́n rán wá láti olú ìjọ jókòó síwájú pátápátá, àwọn ọmọ tò lẹ́yìn ara wọn. Ọmọ àkọ́kọ́ yìnbọn dáadáa, àwọn ọ̀tá ń kúnlẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, sójà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìjọ hó yèè. Àwọn ìyá ń nu omi ojú, wọ́n ní ẹ wo bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ ìlànà wa. Èmi náà tẹrí ba, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ níwájú dígí. Sójà jáde, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, ó kú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n gbá. Ọmọ kejì jókòó, ó wọlé, ó gbàdúrà, ó jáde, ó kú. Ẹ̀kẹta kú. Mo sì ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣubú kò ní pòórá, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ikú kì í ṣe eré. Ẹ ya ohun tí mò ń sọ sójú yín. Ọmọ mọ́kànlá, òkú mọ́kànlá, ọ̀kan lórí èkejì, gbogbo wọn láìwọ bàtà, lẹ́bàá ògiri wa, lábẹ́ pátákó wa. Alàgbà Adéníran bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n wá ka pátákó náà sókè ketekete láti orúkọ ìjọ títí dé agogo mẹ́wàá ọjọ́ ìsinmi. 

Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, ló fẹ́ fi ọgbọ́n bo ìtìjú, ni wọ́n bá ní kí àlejò kan wá gbá a. Saidat ló dìde, Saidat aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán wa, tó rán sùtánà àwọn ọmọ, Mùsùlùmí ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Kò gbá géèmù rí láyé ẹ̀. Ó bi mí bọ́tìnnì tó ń rìn àti bọ́tìnnì tó ń yìnbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rán ọrùn aṣọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ní òun ò fẹ́ rí wa fín, ṣùgbọ́n òun kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà, ṣé òun lè gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá? Kí ni kí n ṣe, kí n lé obìnrin náà wọlé ni? Mo ní kó máa lọ.

Ó fi bàtà tẹ ìgò kọjá. Ọta méje ló kù sí i lọ́wọ́, ọ̀tá mẹ́fà ló wà ní àgọ́, ó sá pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ọta kan. Halelúyà kún ojú kọ̀ǹpútà bámú. Lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa, òun nìkan ṣoṣo ló ṣẹ́gun fún Olúwa. Àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rántí pé kò yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Alàgbà wá bi í jẹ́jẹ́ pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn, ọmọ ọlọ́wọ̀ ni, ó ní, "Alàgbà, mo kàn rí i pé gbogbo ẹni tó wọ ibẹ̀ ló ń kú ni."

Ṣé ó parọ́?

Ibi tí ẹ̀mí ti gbé Arábìnrin Margaret, tó máa ń ríran nínú ìjọ wa, nìyẹn, tó ń gbọ̀n, tó ní òun rí i, pé ìran ni, pé ikú dúró lẹ́bàá ògiri ìjọ, Olúwa ló gba ọwọ́ Múyìwá yà á. Mo nawọ́ sókè, mo ní ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni, bàtà ni mo gbàgbé. Ta ló gbọ́? Èmi tí mi ò ríran rí, tí mi ò lá àlá kan kó ṣẹ rí, tí wòlíì ìjọ máa ń fò mí kọjá bí ẹni fo gọ́tà, ọjọ́ tí mo gbàgbé bàtà lásán ni wọ́n sọ mí di aríran. Alàgbà ní tó bá jẹ́ ìran, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo ṣe fi pamọ́, tí kò bá jẹ́ ìran, mo fi ilé Ọlọ́run ṣẹ̀sín, kí n yan èyí tó wù mí. Wọ́n gba kíláàsì, Margaret ni wọ́n gbé e fún, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kun àwòrán àgùntàn ní ọ̀dà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n jókòó sí, pẹ̀lú àwọn àlejò. Wọ́n ní kí àlejò dìde. Ẹni tó ń pín ìwé ìkíni ò wo ojú mi, ó fún mi ní ọ̀kan. Mo gbà á. Ó wà nínú àpò mi, mo ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì mi sí i.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án àná, Bàbá Olùṣọ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin pé kí n lọ pa géèmù náà rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Mo kọ ìlà méjì kún un, ìlà méjì péré, sójà jáde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó so okùn rẹ̀. Mo ní kí n gbá a dé òpin kí n lè búra níwájú yín lọ́la pé ó ti dára. Mo gbá a. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo wo ọwọ́ mi, ọta mẹ́jọ ló kù. Mo ní ọ̀tá mẹ́fà, ọta mẹ́jọ, kí ni mo tún fẹ́ wọlé ṣe? Mo sáré kọjá. Mi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Mo ṣẹ́gun, mo fò sókè, mo pariwo nínú yàrá yẹn lémi nìkan, ìgbà tí mo dákẹ́ ló tó yé mi. Mo tún un gbá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ní lọ́tẹ̀ yìí màá wọlé. Ẹ̀gbọ́n, lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sáré kọjá. Èmi tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn fún ọdún mẹ́jọ pé kí wọ́n má kánjú kọjá ilé àdúrà.

Nítorí náà, ẹ bá mi gba kíláàsì mi padà lọ́la. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé òmùgọ̀ ni mí, màá fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní ìran ni, ẹ gbà fún wọn, màá ṣe wòlíì fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn tún pè mí ní Tíṣà. Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Alàgbà Adéníran máa ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, kí n jókòó kí n gbá a lójú gbogbo yín, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹ ní Arábìnrin Margaret ni kó gbá a. Òun á wọlé.