Mo Dáhùn Láì Béèrè

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ohun tó kù ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn mú mi lọ. Nítorí náà, láràárọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ bá dún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà mi a já, mo sì máa ń fetí sí i bóyá ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọn yóò dúró sí. Bí wọ́n bá kọjá, òógùn á ti bò mí. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi títí di ọ̀sán. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe adigunjalè, n kò sì mugbó rí. Akọ̀wé ni mí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí akọ̀wé ṣe di apànìyàn.

Iyah-Gbede ni wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ ni bàbá mi, àgbẹ̀ ni ìyá mi. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n rí i pé ọwọ́ mi dára nínú ìwé kíkọ, wọ́n sì fi mí sí ọ́fíìsì ní olú ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun kan tí kò jìnnà sí Kábà. Bí lẹ́tà bá wọlé, màá gbé e tọ ọ̀gá tó ń rán àwọn sójà lọ sígbó, àti ọ̀gá tó ń tọpa àwọn ọ̀tá. Oníkálùkù á sọ tirẹ̀. Èmi á kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, màá kọ ìdáhùn, Ọ̀gágun tó jẹ́ olórí gbogbo wa á sì fọwọ́ sí i. Nítorí pé èmi nìkan ni ọmọ Okun, àwa Yorùbá agbègbè Kábà, níbẹ̀, èmi náà ni mò ń gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó bá pè wá lórí fóònù, tí mo sì ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn tó bá wá sí géètì.

Ọ̀gágun wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí lẹ́tà sùn mọ́jú. "Ìdáhùn dà?" ni ìkíni tirẹ̀. Kò sí ohun tí mo bẹ̀rù láyé tó kí wọ́n bú mi lójú ẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ilé-ìwé kan ní Mopa ní kí a wá bá wọn ṣọ́ ayẹyẹ wọn. Ọ̀gá tó ń rán àwọn sójà ń jẹun lọ́wọ́, ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu. Ọ̀gágun sì ń pariwo ìdáhùn. Mo bá ní ọ̀gá yẹn ti gbà. Kò gbà, kò kọ̀. N kò tilẹ̀ bi í. Ayẹyẹ náà kọjá láìsí wàhálà, Ọ̀gágun sì yìn mí pé ọwọ́ mi yá níṣẹ́. Ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá kan bá ń falẹ̀, màá bá a dáhùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti abúlé kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Òkè-Bùkún. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí àjèjì pẹ̀lú ìbọn nínú igbó, wọ́n sì ti sá kúrò lóko. Iṣu wọn ti tó wà, òyà ti ń jẹ ẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè padà. Ọ̀gá tó ń tọpa àwọn ọ̀tá ti rìnrìn-àjò. Ọ̀gá kejì ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù dà? Àlejò ń bọ̀ láti Àbújá wá yẹ iṣẹ́ wa wò, Ọ̀gágun sì ti ní òun ò fẹ́ bá lẹ́tà kankan nílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àwọn sójà ti la igbó náà já, kò séwu níbẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ lẹ́tà yẹn nìkan ni, wọn kì bá tí lọ. Àwọn ará wa kì í gba gẹ̀ẹ́sì ìjọba gbọ́ bọ̀rọ̀. Baálẹ̀ wọn bá pe fóònù, èmi ni mo gbé e. "Okun o, bàbá," ni mo fi kí i, ìkíni tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa lórúkọ. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kí ọ báyìí ti di ẹbí, o ò ní máa wá irọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, ṣé àwọn sójà ọ̀hún dé oko wa lóòótọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti dé, bàbá. Ẹ lọ wa iṣu yín."

Wọ́n lọ. Àwọn kan nínú wọn kò padà wálé láàyè, ọmọkùnrin Baálẹ̀ sì wà lára wọn. Ìròyìn náà dé ọ́fíìsì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú wọn ló kọ́kọ́ mú mi. Ẹ̀rù ni. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé ó ti tán.

Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ fi dé. Ọ̀gágun kò gbọ́ Yorùbá, Baálẹ̀ kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Haúsá ni èmi àti Ọ̀gágun máa ń sọ. Baálẹ̀ fi èdè Bùnù, Yorùbá ìlú wọn, sọ ọ́ pé ẹnì kan láti ọ́fíìsì yìí ló ní kí àwọn padà sóko, òun sì fẹ́ mọ ẹni náà. Mo yíjú sí Ọ̀gágun, mo ní bàbá yìí ní àwọn kò dúró gba èsì kí wọ́n tó lọ, ó wá tọrọ ìrànlọ́wọ́ láti sin òkú ni. Baálẹ̀ wò mí. Ọ̀gágun bá a kẹ́dùn, ó sì ní kí n fi ọ̀kadà ọ́fíìsì gbé e délé.

Nígbà tí a jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo gbọ́ Haúsá, ọma mi. Kàdúná ni mo ti lo ìgbà èwe mi, nílé iṣẹ́ aṣọ."

Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi yọ, kò jẹ́.

"Mo mọ ohùn rẹ látìgbà tí o ti kí mi. A kì í tú ọmọ ẹni síhòòhò lójú àlejò, ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́. Padà wọlé, fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Èmi náà á bá ọ bẹ̀ ẹ́."

Ká ní mo padà wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá lé mi níṣẹ́, wọn ì bá tì mí mọ́lé fún ọdún díẹ̀, ǹ bá sì ti wà nílé báyìí. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo ń rí. Mo ní kó jẹ́ ọ̀la. Ó ní kò burú, òun á padà wá lọ́la láti gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ "ọ̀la" yẹn ń dún létí mi. Nígbà tí a dé ibi odò kan, ó ní kí n dúró, ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo dì í mú kó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ ó ń bọ́jú. Mo fa sípánà ọ̀kadà yọ. Mo lù ú títí kò fi mira mọ́. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó bá mi létí omi níbi tí mo ti ń fọ ọwọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá wò mí nínú ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Kò bú mi. Ó kàn béèrè ohun tí ọkọ òun sọ kẹ́yìn. Bí ìṣe mi, irọ́ tí yóò tù ú nínú ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyá." Ó sunkún títí wọ́n fi mú un jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ iṣẹ́ ìjọba, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Bí ẹ kò bá tíì béèrè, ẹ ní ẹ kò tíì béèrè. Ọ̀gá yín á bínú, á sì bú yín lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kó bú yín. Ẹni tí wọ́n bú á relé nírọ̀lẹ́, á jẹun, á sì sùn.