Àmì Tí Mo Fi Kún Àkọlé Àwo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìpè tí Bísí pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi àti Bísí la jọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì. À ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ inú ẹyin adìyẹ nínú àwo pẹlẹbẹ. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí kì í ṣàdéédéé dàgbà. Àfi kó rí èròjà tó ń lẹ̀ dì mú, kó tó lè na apá dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀gá wa, Mà, máa ń pe èròjà náà ní àtè, bí èyí tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ.

Èmi ni mo kọ ATE sára àwo mẹ́rin tó yẹ kí Bísí fi àtè pa. Mi ò kọ nǹkan kan sára mẹ́rin yòókù. Mi ò sì fi àmì ohùn sórí ATE náà. Bísí kà á sí àtẹ: ó rò pé kí òun kàn dá wọn padà sórí àtẹ ni. Mẹ́rin yòókù ló fi àtè pa.

Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, sẹ́ẹ̀lì inú àwo ATE ti kú. Ti inú àwọn yòókù ti na apá gbọọrọ, wọ́n ti kan ara wọn. Mi ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mú bírò, mo fi àmì sórí A àti E kí Mà tó dé. Nígbà tí wọ́n yẹ àwo náà wò, wọ́n bi Bísí pé:

“Bísí, ojú ẹ dà? Àbí àtẹ lo fẹ́ fi mú ẹyẹ?”

“Ẹ má bínú, Mà. Mi ò rí àmì yẹn.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mà ò jẹ́ kó fọwọ́ kan àwo mọ́. Èmi nìkan ni mo tún un ṣe, sẹ́ẹ̀lì tó rí àtè tún na apá bákan náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Iṣẹ́ yẹn ṣì ń mú orí mi wú, mi ò ní parọ́.

Ilé ìtajà oògùn kan ní àdúgbò Challenge ni Bísí ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mi ò lè fi dá yín lójú pé tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nígbà tó pè mí rèé: “Mo fẹ́ lọ ka másítà. Bá mi bẹ Mà kí wọ́n kọ lẹ́tà fún mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kì í rí nǹkan.”

Àwo tó pa lọ́jọ́ náà, kò síbi tí àtè ò dé. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.

Mo ti pinnu láti sọ òtítọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún: Mà tó máa kọ lẹ́tà, àbí Bísí, tí mo jẹ́ kó gbà pé ojú òun kì í rí nǹkan?