Mo Mọ̀ Pé Orín Ni, Mo Sì Dákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kì bá tí sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ jìyà rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kàwé, tí mo tún ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Bakitéríà kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹnu èèyàn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọ̀gá mi níbi ìwádìí gbà pé purotéènì kan tó wà lára rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè lẹ̀. Wọ́n ní kí n fi oògùn bó purotéènì náà kúrò lára àwọn kan, kí n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n wá da méjèèjì sórí sẹ́ẹ̀lì tí mo bá ha láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn, kí n wo èyí tó lẹ̀.

Èyí tí n kò bó ni mo kọ́kọ́ fi dánwò, lórí sẹ́ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó lẹ̀ pinpin. Kí ó tó kan èyí tí mo bó, ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, gbogbo wọn lọ sílé. Ó yẹ kí n dúró dè wọ́n. Ara mi ò gbà á. Mo gbé kúlà tí n ó fi kó sẹ́ẹ̀lì bọ̀, mo gba ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi lọ ní Ìbíadé.

Oṣù Ramadan ni. Mo bẹ̀rù pé àwọn ará ilé náà ò ní jẹ́ kí n ha ẹnu wọn. Àǹtí mi yìí wo igi tí mo fẹ́ fi ha á, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Orín è é ba ààwẹ̀ jẹ́, kí ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí a bà jẹ́? Dede wa pátá nílé yìí, láti sààrì títí di ìṣínu, orín ń bẹ lẹ́nu wa.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń ha ẹnu wọn lọ.

Bakitéríà tí mo bó kò lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì wọn rárá. Inú Ọ̀gá dùn, wọ́n ń fi mí yangàn káàkiri. Sẹ́ẹ̀lì Ìbíadé ṣẹ́kù díẹ̀, mo ní kí n kàn fi èyí tí n kò bó wò ó. Òun náà ò lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Àǹtí tó yé mi. Oje orín tó bo ẹnu wọn ni kò jẹ́ kó lẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ purotéènì. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo fọ àwo. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló tì mí, n kò lè ba ayọ̀ Ọ̀gá jẹ́.

Bàsírátù, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Makun-Omi, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún báyìí. Ó wá bá mi pẹ̀lú omijé.

“Àǹtí, èyí tí mo bó náà tún ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ẹ̀ bá mi wò ó?”

Mo ní kó tún un bó dáadáa. Èmi, tí mo mọ̀ pé ó ń bó o dáadáa. Ọ̀gá ti wá ní ọmọ náà kò ní sùúrù, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò pinnu bóyá kó máa lọ sílé, wọ́n sì ní kí n wà lára àwọn tí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Ṣùgbọ́n Àáfà wa máa ń sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnìkejì, ọwọ́ ẹni náà la ti í tọrọ àforíjì rẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá ni àbí ọmọ yìí? Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Lánàá, Bàsírátù gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi. Ó ní ìyá òun ní kí òun fi dúpẹ́, nítorí èmi nìkan ni mi ò tíì sọ pé òun ò mọ̀wé. Mo kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìdí tí mo fi kúnlẹ̀.