Apá Àga Bàbá

Nínú takisí tó ń lọ sí Bonabéri láti Ndokoti, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti káfíńtà tó ń bá a kan àga tuntun bí ti àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ilé káfíńtà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jọ àga bàbá mi tí ikán jẹ, àmọ́ apá rẹ̀ tẹ́jú jù. Ti bàbá jin wọnú níbi tí wọ́n máa ń gbé ọwọ́ lé."

"Àbúrò, jíjókòó ló gbẹ́ ìyẹn, kì í ṣe káfíńtà. Ṣé kí n fi ogún ọdún jókòó sí i ni?"

"Màmá mi ò ríran mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi dá a mọ̀."

Nígbà tí a dé orí afárá, káfíńtà yíjú sí i.

"Màá gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ ta ni kí n fi wọ̀n ọ́n?"

Obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Ẹ fi tèmi wọ̀n ọ́n. Màmá ní ọwọ́ bàbá ni mo gbé wáyé."