Ẹ̀rọ Ló Sọ Ọwọ́ Wa Di Funfun, Èmi Ní Ẹ̀tẹ̀ Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ará Òkè-Àgbò ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ó sì ti ń rà mọ́ mi níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ara mi ń rí mi lára.

Èmi àti Bùráímọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà ọ̀dà, lẹ́bàá Òrù. Ẹ̀rọ kan tó ń fi agbára atẹ́gùn lu òkúta ni wọ́n fún wa. Tó bá rẹ ẹnì kan, ẹnì kejì á gbà á. Gbogbo ara èèyàn ni yóò máa gbọ̀n títí dé eyín. Kò ju ọdún méjì lọ tí ìka wa fi bẹ̀rẹ̀ sí kú. Tí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, wọ́n á funfun báláú. Abẹ́rẹ́ lè gún wọn, a ò ní mọ̀. Àwa méjèèjì máa ń jọ yáná, a ó máa fi ìka ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún wa rí ìka Bùráímọ̀ bó ṣe nawọ́ gba igbá. Ó figbe ta, ó ju igbá sílẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ. Ẹnì kan ní ká yẹ ọwọ́ gbogbo èèyàn wò. Ẹ̀rù bà mí. Ọwọ́ tèmi wà nínú àpò ṣòkòtò, ó funfun ju ti Bùráímọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe orúkọ àrùn náà. Mo ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí i." Mo sì tutọ́ sílẹ̀. Itọ́ yẹn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní kí n tu ú.

Bùráímọ̀ wò mí. Ó wo àpò mi. Ó ní, "Éè ṣe ẹ̀tẹ̀, wo mọ̀." Pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, pé mo mọ̀: ìyẹn nìkan ló sọ. Ó lè ní kí n yọ ọwọ́ mi síta, kò ní bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi igi lé e kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ ọwọ́ ẹlòmíràn wò mọ́. Kó tó di Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Awà, òun àti Ṣìfáwù, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé ọ̀fẹ́. Bùráímọ̀ fúnra rẹ̀ lọ fara pamọ́ sí abúlé kan létí omi, lọ́nà Àbígí.

Àbí ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mi ò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ẹ̀rọ ló ba ọwọ́ mi jẹ́, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ rárá, pé òfin sì ní kí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún mi. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn wà tí ẹ̀rọ náà ṣe léṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí. Tí mo bá dárúkọ Bùráímọ̀, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé mo purọ́. Dókítà kọ̀wé, wọ́n sanwó, mo fi kan páànù sílé mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé owó àjọ èésú ni mo kó. Tí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù yẹn, mo máa ń dìde jáde síta.

Ṣìfáwù ti dàgbà báyìí. Ọmọkùnrin Àgọ́-Ìwòyè kan fẹ́ fi í ṣaya. Nígbà tí àwọn àgbà ilé ọkọ ń wádìí ìdílé, wọ́n gbọ́ pé adẹ́tẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Wọ́n wá bi mí, torí èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ṣiṣẹ́. Mo fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bí." Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo tún pa Bùráímọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láìtilẹ̀ dárúkọ àrùn náà.

Lọ́jọ́ Àìkú ni ọmọ náà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn àgbà Àgọ́-Ìwòyè ní àwọn á dá wa lóhùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá mi ní kí n wá bá yín. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀." Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ sọ bí mo ṣe mọ̀. Ó ní wọn ò sọ. Ọdún mẹ́wàá, kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá!

Ìwé dókítà wà nínú àpótí mi. Màá mú un lọ sí Àgọ́-Ìwòyè kí Jímọ̀ tó pé, màá sì na ọwọ́ mi síwájú àwọn àgbà náà. Tí ìyàwó mi bá fẹ́ kó jáde, kó máa kó lọ. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Orúkọ èmi nìkan ló wà nínú ìwé yẹn. Dókítà gbọ́dọ̀ rí Bùráímọ̀ náà kí àwọn àgbà yẹn tó gbà pé kì í ṣe adẹ́tẹ̀, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ mú un wá láti etí omi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó sì nawọ́ sí mi láti kí mi, ẹ jọ̀ọ́, ojú wo ni kí n fi bọ̀ ọ́?