Mo Fi Ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun Kó Tíìmù Mi Jọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀. Mi ò lè dá a gbé mọ́. Ọkùnrin kan wà lẹ́wọ̀n, òmíràn ti fọ́ lójú kan, èmi ni mo sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé bí mo bá tún dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ mìíràn á ta sílẹ̀.

Kóòṣì bọ́ọ̀lù ni mí, Thamesmead Moorings ní London ni mò ń gbé. Nígbà tí wọ́n dá líìgì tuntun kan sílẹ̀, tí wọ́n ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fi mí ṣe mánéjà tíìmù kan. A kì í ra agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn tí kíláàbù ti tú sílẹ̀, tí wọn ò ní kóńtíráàtì mọ́, la máa ń kó jọ. Lọ́jọ́ dráfìtì, ìyẹn ọjọ́ tí a máa ń yan agbábọ́ọ̀lù, gbogbo mánéjà á jókòó, ọ̀kan á mú ẹni tó wù ú, òmíràn á mú tiẹ̀, títí yóò fi kárí. Kèké la ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yàn. Èmi ló gbé sẹ́yìn pátápátá.

Ṣẹ́gun ni mo fẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lèmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń lọ, Mummy Bíódún, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kíláàbù Ṣẹ́gun ti já a sílẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé kò ní ṣẹ́ kù dé ọ̀dọ̀ mi. Mánéjà kan tó ń jẹ́ Lánre ti ń lé e kiri. Nígbà tí Ṣẹ́gun sọ fún un pé òun ò fẹ́ bá a ṣiṣẹ́, Lánre bú u lójú gbogbo èèyàn níbi ìdánrawò.

Èrò burúkú wá wọ ọkàn mi. Bí ẹsẹ̀ ọmọ yìí bá wú lọ́sẹ̀ dráfìtì, gbogbo wọn á fò ó. Èmi á wá mú un nígbẹ̀yìn.

Mo pe Rótìmí. Agbábọ́ọ̀lù ni òun náà, ó ń bá wa dánra wò, mo sì ti fẹ́ yọ ọ́. Ó mọ̀ pé, yàtọ̀ sí ẹni tí màá mú ní dráfìtì, ààyè kan ṣoṣo ló kù nínú tíìmù.

Mo ní, "Bá mi gbá Ṣẹ́gun ní kókósẹ̀. Kó kàn wú ni o. Ààyè yẹn á jẹ́ tìẹ."

Ó ní, "Kóòṣì, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú.

Àárọ̀ ni Ṣẹ́gun máa ń sáré lórí pápá Woolwich Common, níwájú bárékè àwọn ṣọ́jà. Mo jókòó sínú mọ́tò mi, mò ń wò. Rótìmí dé àṣíborí alùpùpù, ó yọ láti ẹ̀yìn igi, ó fi irin gbá a ní kókósẹ̀. Ṣẹ́gun ṣubú. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí.

Ṣùgbọ́n Ṣẹ́gun di ẹsẹ̀ Rótìmí mú, ó na ọwọ́ sí àṣíborí yẹn. Ẹ̀rù ba Rótìmí. Ó wá ń lù ú bí ẹni ń lu ejò. Ó lù ú lẹ́sẹ̀, ó lù ú níhà, ó lù ú lẹ́nu. Mo yí wíńdò sílẹ̀ kí n lè pariwo, ni mo gbọ́ bí egungun ṣe kán. Mi ò pariwo. Mo yí wíńdò náà padà sókè, mo wa mọ́tò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé kò dùn mí. Mo sunkún lójú títì. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ dráfìtì pé, mo wọ súùtù, mo lọ.

Gbogbo wọn fo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ Ṣẹ́gun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúrò níbẹ̀, mo gba ọsibítù lọ. Eyín iwájú rẹ̀ ti kán. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Uncle, gbogbo wọn ló sá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bíódún, tó ń wa ọkọ̀ tó ń pín ẹrù, tẹ̀lé mi jáde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Uncle, ẹ̀yin lẹ mọ inú líìgì yẹn. Ta ló ṣe èyí?"

Ǹ bá ti sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Ta ló bú u lójú gbogbo èèyàn? Ìwọ náà rò ó wò."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kó wo ibòmíì ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń tú jáde ní Woolwich Arsenal, Bíódún dúró de Lánre níwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ní kò sọ ju "Àbúrò mi ńkọ́?" lọ. Ó fi sípánà táyà gbá a lójú. Lánre gbé ọwọ́ sókè, Bíódún kán an lọ́wọ́. Kí àwọn èèyàn tó fà á kúrò lórí rẹ̀, ojú ọ̀tún Lánre ti lọ. Bíódún jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó ń retí ọlọ́pàá.

Èmi ni mo di ìyá rẹ̀ mú ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, kó má baà ṣubú.

Ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun san. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún mi, a gba ife. Òun àti Rótìmí máa ń jókòó ti ara wọn nínú yàrá ìmúra. Ṣẹ́gun á ní kó bá òun so báńdéèjì mọ́ kókósẹ̀, Rótìmí á so ó, kò ní wo ojú mi. Nígbà tó yá, Rótìmí fi tíìmù sílẹ̀. Kò gbé ìpè mi mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mummy Bíódún máa ń gbàdúrà fún mi pé, "Ẹni tó gbé ọmọ mi dìde, Ọlọ́run á gbé e dìde." Mo máa ń ṣe Àmín. Mo máa ń rí Lánre náà nínú bọ́ọ̀sì. Ó máa ń kí mi.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ wo Bíódún lẹ́wọ̀n. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Uncle, ojú kan ṣì kù fún un. Tí mo bá jáde, màá parí ẹ̀."

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, Ṣẹ́gun á mọ ẹni tí mo jẹ́, èmi ni sípánà yẹn á sì kàn. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, Bíódún á pa Lánre.

Lánàá, Mummy Bíódún pè mí. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa mọ́tò lọ gbé ọmọ mi lọ́jọ́ tó bá jáde. Ẹ̀yin lẹ dà bíi bàbá fún wọn." Mo ní, "Kò burú, Mummy."

Èmi àti Bíódún nìkan la máa wà nínú mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ti lọ bá ọlọ́pàá kí ọjọ́ náà tó pé, àbí kí n sọ fún un fúnra mi lójú ọ̀nà? Tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́tò, tó ní, "Uncle, ẹ ṣé," kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?